Ilẹ̀ Kẹrin ní Ìwópin

A kúrò ní Ìlọrin kí ilẹ̀ tó mọ́,
èmi, Abọ́sẹ̀dé, àti Píjò tó fi ọdún méje ju àbígbẹ̀yìn wa lọ.
Ní Ògèrè, ó wúkọ́.
Abọ́sẹ̀dé ní, "Ọkọ̀ ni àbí ìwọ?"
Mi ò dáhùn. Àwa méjèèjì la jọ ń wúkọ́.

A ya ní Ṣàgámù, a gba ẹ̀yìn Òde kọjá.
Mo ra búrẹ́dì mẹ́ta, ó ní kí n sọ ọ́ di mẹ́rin.
Ilé mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mo rán an létí.
Ó ti wọ ọkọ̀, ó ti gbé ìkẹrin lé itan.

Lẹ́yìn Ògbèré, ọ̀dà di kòtò, kòtò di yanrìn,
afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí apẹ̀rẹ̀ ẹja.

Ọ̀túbánjọ ló kọ́kọ́ yọjú, nínú ṣòkòtò péńpé,
ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún so táì mọ́rùn
nílé ìfìwéránṣẹ́, tí kọ́bọ̀ kan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.
Àwọ̀n ló ń tún ṣe. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú,
ìka rẹ̀ ló ń ka ihò.

Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó Ṣówándé tó ti sùn,
tẹ́ ẹní fún wa níbi tí ìjì ọ̀sà ti ń fẹ́.
Ọ̀sà náà wà lẹ́yìn ilé bíi màlúù tó dùbúlẹ̀,
kò pariwo, ó kàn ń mí.

A jẹ ìkọ́kọrẹ́. Eegun ẹja há Abọ́sẹ̀dé lọ́fun,
gbogbo wa di dókítà lẹ́ẹ̀kan náà.
Inú ariwo yìí ni Ṣóbọ́wálé ti gbójú sókè, tó wò mí:
"Ṣówándé! Ìgbà wo lo dé?"

Rẹ̀mílẹ́kún tẹjú mọ́ àwo.
Mo ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."
"Owó mi tó wà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?"
Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo san gbèsè òkú.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó ku ogún náírà.
Ìyẹn ló pa Rẹ̀mílẹ́kún lẹ́rìn-ín,
ó rín in títí ó fi nílò etí aṣọ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Ọ̀túbánjọ mú mi lọ wo ilẹ̀ mi.
Ọjọ́ kan náà ni àwa mẹ́rin rà á, owó àjọ kan náà,
àwọn mẹ́ta kọ́lé, èmi ń wí pé ó dọdún tó ń bọ̀.
Mo rò pé igbó ni màá bá.
Ẹ̀gẹ́ ni mo bá, ebè rẹ̀ gún régé bí ìlà ìwé.
Gàárì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo Kérésìmesì,
tí mo ń dúpẹ́ rẹ̀ lórí fóònù títí ìpè á fi já,
àṣé ilẹ̀ mi ló ń bọ́ mi.

"Ìgbà wo lo máa kọ́ ọ?"
"Lẹ́yìn òjò."
"Òjò wo?"

Abọ́sẹ̀dé ò dá sí i. Ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láàárín ebè,
ó dúró, ó ní, "Ilé ìdáná nìyí,"
ó gé búrẹ́dì kẹrin, ó jẹ ẹ́ lóòró níbẹ̀.

Láàárọ̀, Píjò kọ̀, kò ṣiṣẹ́.
Wọ́n tì í: afọ́jú díẹ̀, opó, àti onígbàgbé,
wọ́n tì wá gba inú yanrìn títí ó fi bú.
Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ Ṣóbọ́wálé lẹ́yìn,
ohùn rẹ̀ já gaara bí ti ìjelòó:
"Kúforíjì! Kúforíjì o!"

Mi ò lè dúró.
Bí mo bá dúró, ọkọ̀ á kú.
Mo na ọwọ́ síta, mo ń jù ú, mo ń jù ú,
títí a fi dé ibi tí ọ̀dà ti bẹ̀rẹ̀.