Ikọ́ Kì í Ka Kàlẹ́ńdà

Gègé mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi nílé ìwòsàn Kétu.
Búlúù ni mo fi ń kọ ibà,
dúdú fún ìgbẹ́ gbuuru,
pupa fún ikọ́.
Èmi kì í ṣe dókítà. Láléyẹ akọ̀wé ni mí,
ẹni tí í béèrè pé “Kí lorúkọ ẹ?”
kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ibi tó ń dùn ọ́.
Ọdún kọkàndínlógún rèé.

Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Kútọnu sọ pé
ìgbà òtútù ni ọ̀fìnkìn ń jà.
Òtútù wo?
Ẹni tó kọ ìwé náà, yìnyín ló ń wò lójú fèrèsé.
Tiwa, ọyẹ́ ni, tó ń la ètè,
tó ń fi eruku kun ewé kajú.
Ọyẹ́ ní ikọ́ tirẹ̀ lóòótọ́, ikọ́ gbígbẹ,
bí ẹni ń fi ṣíbí họ ìsàlẹ̀ ìkòkò.
Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gègé pupa kì í tán nígbà ọyẹ́.

Oṣù Òkúdù ló ń tán.
Bí òjò bá rọ̀ lọ́sàn-án, tó tún rọ̀ lóru,
tí òrùlé Àkábà Ìdẹ́nà ń kán tó, tó, bí imú ọmọ jòjòló,
a ó pa fèrèsé dé, a ó pa ìlẹ̀kùn dé,
ẹni mẹ́sàn-án nínú yàrá kan,
èémí kan náà ni gbogbo ilé ń mí.
Ẹnì kan á sín.
Ní ọjọ́ kẹta, ojú ewé kàyé mi á pọ́n bí ilẹ̀ Kétu.

Lẹ́yìn náà ni omi á dúró sójú kòtò,
yànmùyánmú á pamọ,
búlúù á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ pupa.
Tí kànga bá wá gbẹ,
tí a ń fi garawa kan wẹ ọmọ mẹ́rin,
ẹ bi gègé dúdú léèrè.

Ọdún kan wà tí òjò ṣìnà.
Òkúdù dé, ojú sánmà funfun báláú,
àgbàdo ká ewé rẹ̀ jọ bí ẹni tó fẹ́ ṣí kúrò nílé.
Mo dúró de ikọ́, ikọ́ ò dé.
Àwọn nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, kàyé yín ti parọ́.”
Mi ò fèsì. Mo ra gègé pupa méjì pa mọ́.
Ọ̀wẹ́wẹ̀ ni àrá tó sán.
Ní ọjọ́ kọkànlá, Ìyá Àbíọ́nà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà,
aṣọ rẹ̀ rin gbindin,
ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń mí bí aláǹgbá tí a lé dé orí ògiri.
Mo béèrè orúkọ. Ó sọ ọ́.
Ọwọ́ mi ò yá láti kọ ọ́.
Àbíọ́nà yè.
Orúkọ méjì tó wà nísàlẹ̀ tirẹ̀ ò yè.

Ní Bélú, àpótí yìnyín dé,
abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn, ogójì péré, fún àwọn arúgbó.
Mo ṣí kàyé han ọmọkùnrin tó gbé e wá:
“Wò ó, àlejò ti jẹun lọ kí ẹ tó gbé ìdènà dé.
Ẹ bá wa mú un wá kí Èbìbí tó tán.”
Ó ní òun kọ́ ló ń yan oṣù.
Ó mu omi, ó gun ọkọ̀ rẹ̀.

Mi ò dá òjò lẹ́bi.
Orí òkè la tẹ̀dó sí, omi jìnnà nísàlẹ̀;
bó ṣe ń rọ̀ ni àmù wa ń kún,
bó ṣe ń rọ̀ ni mo ń wá ìdérí gègé.

Lálẹ́ àná, èsúnsún yí iná ẹnu ọ̀nà ká.
Mo fà á yọ, pupa,
mo dán an wò lẹ́yìn ọwọ́ mi.
Ó ń kọ.