Igba Ebè

Ọjọ́ tí wọ́n gbé mítà kọ́ ara ògiri ilé wa ní Ìyìn,
bàbá mi àgbà, Fágbèmí, gbé àpótí síwájú rẹ̀,
ó jókòó tì í bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò kí onílé.
Kiní ọ̀hún ní ojú pupa kan.
Ojú náà ń ṣẹ́.

Mo ti lọ ra iná lọ́dọ̀ Bọ́sẹ̀dé, ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́.
Mo kó ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà sílẹ̀,
ó já ìwé pélébé kan fún mi, ogún nọ́ńbà tò sórí rẹ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́ sínú mítà, mítà ní yúníìtì méjìlélógún.
Bàbá ní: "Uná lo lọ rà? Gbé e kí n rí i.
Ṣé wọ́n pọ́n ọn séwé ni, àbí o gbàgbé rẹ̀ sọ́nà?"

Mo ní, Bàbá, wáàtì ni agbára, yúníìtì ni iṣẹ́.
Bí ẹgbẹ̀rún wáàtì bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko,
òun là ń pè ní yúníìtì kan.
Áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì,
wákàtí kan péré, ó ti gbé e mì.
Gílóòbù wáàtì mẹ́wàá tó wà lókè orí yín yìí
á máa lá a fún ọgọ́rùn-ún wákàtí,
bí ọmọ tó ń fi ahọ́n tọ́ ẹran wò
tí kò fẹ́ kó tán.

Ó dákẹ́. Ó fi èékánná ha orúnkún.
"Ẹ ò mọ̀rọ̀ í sọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ Adó.
Ẹnìkan wà lóko wa tó ń kọ ebè bí ìjì:
ìrì ò tíì gbẹ lára koríko, ó ti kọ igba.
Ẹlòmíì ń rọra ṣe é, ó ń súfèé, ó ń mu omi,
ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú, òun náà á kọ igba.
Olóko ò bèèrè ta ló yára.
Igba ebè ló ń sanwó fún.
Ṣé ohun tí o fẹ́ sọ nìyẹn?"

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.
Ọdún mẹ́rin ní póli, ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.

Ọmọ Dáramọ́lá tó wá gbé mítà ti sọ fún un
pé bí ojú pupa bá ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹẹ̀gbẹ̀rún, yúníìtì kan ti lọ.
Àtìgbà náà ni Bàbá ti ń kà á lálaalẹ́.
Bó bá pé igba, a ju ẹkùrọ́ kan sínú àwo tánganran.
Ẹkùrọ́ márùn-ún, yúníìtì kan.
A ti sùn, a ṣì ń gbọ́ ọ: kò.
Ó pẹ́. Kò.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí: "Èmi ńkọ́?"
Ẹ̀yin báwo, Bàbá?
"Èmi, nígbà tí apá mi le. Láti àárọ̀ di alẹ́ lóko.
Yúníìtì mélòó?"

Ìbá dára ká ní n kò mọ̀ ọ́n.
Mo wo ilẹ̀. Mo ní, wọ́n ní ọkùnrin tó lágbára,
bó bá fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́,
iṣẹ́ rẹ̀ á tó ìdajì yúníìtì kan.

Kò bínú. Ó na ọwọ́ sínú àwo,
ó mú ẹkùrọ́ méjì, ó tò wọ́n sórí itan.
Ó mú ẹ̀kẹta, ó gbé e sẹ́nu,
ó wá eyín tó kù kàn, ó gé e sí méjì,
ó tu ààbọ̀ kan sọ́wọ́, ó gbé e ti àwọn yòókù.
"Èmi rè é," ló wí.
Ó ń jẹ ààbọ̀ kejì lọ ní tirẹ̀.

Mo dìde pé kí n pa gílóòbù, ilẹ̀ ti ṣú.
"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Jẹ́ kó kọ díẹ̀ sí i."