Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́rin

Inú yàrá mi ní Ìtokò ni mo ti ya ojú fún Ìbíyẹmí.
Mo fi kọ̀ǹpútà ṣe ìpéǹpéjú rẹ̀,
mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà,
bí ẹ̀rín ṣe ń kọ́kọ́ dé ojú kó tó dé ẹnu.
Ìbínú rẹ̀ ní ipele méje.
Ìtìjú nìkan gbà mí lóṣù méjì:
ọrùn kò mọ ìgbà tó yẹ kó tẹ̀.

Ó wá mọ ìkíni ju ọmọ tí mo bí lọ,
ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ewu ọmọ.
Mo ní iṣẹ́ parí. Mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi,
Efúnyẹlá aláró, láti Ìtokú,
kó wá bá a sọ̀rọ̀ wò.

Màmá tún gèlè ṣe níwájú gíláàsì
bí ẹni tó lọ kí àna.
Wọ́n kí ara wọn títí.
Àfi bó ṣe ní, láìsí ẹni tó bi í:
"Odò Ògùn gbé ọmọ mi ọkùnrin lọ.
Ó di ọdún mọ́kànlélógún."
Kò tíì pa ẹnu dé tí Ìbíyẹmí fi dáhùn:
"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tù yín nínú."

Kò ṣì í sọ. Gbogbo àmì ohùn pé.
Èmi ni Màmá yíjú sí.
"Ta ló ń lé e?"

Ó ní, bí òun bá fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ,
ibi tí aró kò dé ni wọ́n ń pè ní ọnà.
Bí aró bá mu gbogbo rẹ̀,
dúdú lásán ni. Ta ni yóò rà á?

Lálẹ́, iná lọ, bátìrì ku díẹ̀.
N kò fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀, mo ń yọ ọ́ ni.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀: bí wọ́n bá dárúkọ òkú, dúró.
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.
Má rẹ́rìn-ín, má sunkún,
jẹ́ kí ọwọ́ já sórí itan.
Lẹ́yìn náà, béèrè orúkọ ọmọ náà.

Lọ́jọ́bọ̀ Màmá padà wá, ó tún un sọ.
Ìbíyẹmí dúró.
A gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, a gbọ́ ewúrẹ́ kan.
"Kí lorúkọ rẹ̀, mà?"
"Ṣówándé."
Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò pè nílé wa láti ìgbà náà.

Mo mọ̀ pé Ìbíyẹmí kò mọ nǹkan kan.
Èmi ni mo ka mẹ́rin yẹn fún un,
èmi tí mo ń jẹun lọ́wọ́ obìnrin yìí láti kékeré,
tí n kò dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fún un rí.

Mo na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà.
Màmá ní kí n má tíì pa á.