Mo Kànkùn Láti Inú

Aago mẹ́wàá ti lù kí n tó wọ òpópónà náà,
òkè kan tó dà gẹ̀rẹ́ ní Dunedin,
níbi tí mọ́tò gbọdọ̀ kọjú táyà sí ẹ̀bá ọ̀nà
kó má baà yí lọ bá òkun.
Mo pa iná. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo ka ọgọ́rùn-ún.
Kò sẹ́ni tó ṣí kọ́tìnì.

Ọkọ̀ búrẹ́dì ni ọkọ̀ mi tẹ́lẹ̀.
Orúkọ oníbúrẹ́dì ṣì ń yọjú fírífírí lábẹ́ ọ̀dà funfun,
ìyẹn ló ń gbà mí:
lóru, ta ní ń fura sí búrẹ́dì?

Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e,
síbẹ̀ ẹnìkan kì í bi ìgbín
pé ta ló yọ̀ǹda fún un kó tó sùn sídìí ògiri.
Èmi Ngaire, tí mo fi bọ́ọ̀sì gbé ọmọ iléèwé fún ọdún mọ́kànlélógún,
tí mo ta ilé, tí mo ra ọ̀nà,
èmi ni wọ́n lẹ bébà mọ́ gíláàsì fún ní Timaru:
Má sùn síbí mọ́.

Nítorí náà mo kọ́ òfin.
Dé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, lọ kí ajá tó jáde ìtọ̀.
Fọ eyín níbòmíràn.
Ilẹ̀kùn tí o bá ti tì, ó di ojúmọ́.
Ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé, ṣùgbọ́n fi àlàfo ìka kan sílẹ̀,
torí èémí ni ọ̀dàlẹ̀:
yóò di omi lára gíláàsì,
yóò máa sọ fún àdúgbò pé ẹnìkan ń mí níhìn-ín.
Àti ikọ́. Ẹni tó sá pamọ́ kì í ní ikọ́.

Oṣù Keje, òtútù ń bu ni jẹ.
Mo gbé ìgò omi gbígbóná sáyà bí ọmọ jòjòló,
mo ń gbọ́ ìlú tí kò mọ̀ pé mo ń gbọ́:
ológbò méjì tí wọ́n ń ṣẹjọ́ lórí ọgbà,
ọkùnrin kan tó ń wá kọ́kọ́rọ́, tó ń ṣépè fún àpò ara rẹ̀.

Aago méjì, nǹkan fara tì mí.
Ọkọ̀ ni mo fẹ́ wí;
irin tín-ín-rín ló wà láàrin ẹ̀yìn rẹ̀ àti orí mi.
Ohùn ọmọkùnrin, nínú fóònù:
"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì, mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì.
Híta ń ṣiṣẹ́. Mo jẹun. Ẹran àgùntàn ni.
Ẹ padà sí wọ́ọ̀dù, ìsinmi yín ti parí."
Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn bó ti ń pa irọ́ náà,
irọ́ tó mọ́ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá.
Lẹ́yìn náà ó yọ̀ wálẹ̀ lára ọkọ̀, títí ìdí fi kanlẹ̀.

Gbogbo òfin mi dìde dúró lórí mi bí ọlọ́pàá.
Mo ka ọgọ́rùn-ún. Mo tún un kà.
Mo gbọ́wọ́ sókè, mo kànkùn láti inú.
Kó, kó, kó.
Ó fò dìde bí ẹni tí òkú pè.
"Má sá," ni ògiri funfun wí fún un,
"èmi náà ń purọ́ fún ọmọ mi.
Ó rò pé òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń sùn,
pé wọ́n ń fún wa lẹ́yin láàárọ̀."

Ó dákẹ́ pẹ́. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde.
Fetu, ó ní; Ọjọ́bọ̀ ni yàrá òun yóò tó ṣófo.
Mo sún fèrèsé, mo na ife tíì síta,
lẹ́yìn náà kúbùsù tí ọkọ mi fi sílẹ̀ lọ.
Ọwọ́ kan gbà á. Ó ti jẹ èékánná rẹ̀ tán.
N kò ṣílẹ̀kùn.
Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù bà mí.

Aago márùn-ún àbọ̀, ife wà lẹ́bàá táyà,
ó dojú bolẹ̀ kí ìrì má baà sẹ̀ sí i.
Òpópónà yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ní Milton, Raewyn pè mí. "Òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́, Mọ́mì?"
Mo ní ó dára,
àfi pé wọ́n se ẹyin wọn jù.