Tíì Ni Wọ́n Bù Sínú Ìgò

Wọ́n ń ya fíìmù nílé òkè tó dojú kọ ọ̀sà l'Ájàṣẹ́,
ilé tí mo ti fi ọdún mẹ́sàn-án fọ aṣọ, tí mo ń lọ̀ ọ́.
Wọ́n gbé mi jókòó sórí àpótí lẹ́yìn kámẹ́rà,
wọ́n ní kí n má wúkọ́.

Ọkùnrin tó ń ṣe kọ́ńsù gbé ìgò sẹ́nu.
Tíì ni wọ́n bù sínú rẹ̀, mo rí ọmọbìnrin tó sè é.
Ó mu ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ ara wọn,
ó forí sọ ògiri, ó ṣubú,
gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ kọ́.
Èyí tí mo mọ̀ kì í ṣubú.
Ó ń rìn bí ẹni tó ru ẹyin,
ó ń ka àtẹ̀gùn sábẹ́ ètè: ení, èjì, ẹ̀ta.
Táì rẹ̀ ò wọ́ rí.
Àpò ẹ̀wù ló ń tú u fó. Alágbàfọ̀ ló mọ àṣírí ọkùnrin.
Níbi tí ẹlòmíì ń kó owó sí, sódábì ló ń rùn níbẹ̀,
ọṣẹ ò ràn án.

Fíìmù wọn sọ ọ́ di òyìnbó tó ti òkun wá,
wọ́n ní kí ilé lè jìnnà, kí àárò lè tó àárò.
Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n dákẹ́.
Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀gbẹ́yẹmí, ará Ìlaró!
Ìgólò rèé, Ìdí-Ìrókò rèé,
alùpùpù á gbé e délé kí àgbàdo tó jinná lórí iná.
Bó ṣe ń pe iyọ̀ ni mo ṣe ń pe iyọ̀.
Wọ́n kàn ri àsíá kan mọ́lẹ̀ láàárín wa ni,
wọ́n ní òkèèrè ló wà.

Ọjọ́ òmìnira wọn, ó pe ọgọ́rùn-ún èèyàn.
Mọ́kànlá ló wá. Ó kí àga tó ṣófo
lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oyè wọn.

Mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà pé àjò kì í dùn kí onílé má relé.
"Rúfáì," ó ní, "èyí ò tiẹ̀ dùn,
onílé ò sì relé."
Mo nawọ́ sí ìlà-oòrùn.
Ó wo ọwọ́ mi bí ìwé tí wọn ò fọwọ́ sí.
"Mo mọ ọ̀nà. Ẹni tí n ó jẹ́ tí mo bá débẹ̀ ni mi ò mọ̀."

Èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nìyí:
lẹ́tà tí wọ́n fi pè é padà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Ó wà nínú àpò kóòtù eérú.
Mo gbé kóòtù sómi.
Ìgbà tí mo rí i, ó ti di ẹ̀kọ,
yíǹkì ti bá omi lọ.
Mo fi hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn,
ó ní kí n dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Oṣù mẹ́jọ ló tún fi mu.
Kò ṣubú, àní nígbà tó kú. Orí àga la ti bá a,
bọ́tìnnì rẹ̀ pé.

Ọ̀gá fíìmù bi mí: "Bàbá, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"
Mo ní kọ́là ẹ̀wù yẹn ti dọ̀tí, ẹ gbé e wá.
Ilẹ̀ ti ń ṣú lójú ọ̀sà. Mo bu omi.
Kí n tó rì í,
mo kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ àpò.