Igba Ó Dín Mọ́kànlá

Ní Avesta, lóṣù kejì, yìnyín ń bọ́ sójú fèrèsé
bí ìyẹ̀fun tí ẹnikẹ́ni ò ní rò.
Nínú ṣọ́ọ̀bù Ylva, ooru wà,
òórùn ọ́ìlì, òórùn kọfí tó ti ń jóná láti àárọ̀.
Torbjörn wa ọkọ̀ wọlé jẹ́jẹ́,
Volvo pupa tí Göran àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ.
Táyà ẹ̀yìn méjèèjì gun orí irin rólà,
Ylva fi bẹ́líìtì dè é mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.
Èmi ni mo mú tọ́ọ̀ṣì dání.

"Tẹ̀ ẹ́," ni Ylva wí.
Ọkọ̀ sáré, sáré, kò sì kúrò lójú kan.
Kọ́ọ̀bù orí tábìlì ń rìn fúnra rẹ̀.
Àádọ́jọ ẹṣin.

Ẹṣin tí kì í jẹko, tí kì í yàgbẹ́,
tí ẹnikẹ́ni ò rí ìrù rẹ̀ rí,
àfi ìlà kan tó gòkè lójú kọ̀ǹpútà,
tó dé ṣóńṣó, tó wó
bí àgbà tí orúnkún ń dùn.

Asẹ́ afẹ́fẹ́ la kọ́kọ́ pààrọ̀. Bóòtù mẹ́rin péré.
Páálí rẹ̀ búra pé ẹṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń bẹ nínú òun.
Rólà ní mẹ́ta.
Ylva kọ ọ́ sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.
Rólà ò mọ ẹni tó sanwó.

Sàlẹ́ńsà ló gba ọ̀sán wa.
Ìpẹtà ti so bóòtù àtijọ́ mọ́ irin bí ìyàwó àárọ̀.
A fi iná yọ́ ọ, a fi òòlù bẹ̀ ẹ́,
Torbjörn bú u lédè Sweden,
èmi náà bú u lédè mi, bóyá yóò gbọ́ ọ̀kan.
Ylva ló lọ mú páìpù gígùn wá, ó kì í bọ ìdí sípánà,
ó fara tì í, kò tilẹ̀ fipá:
kẹ́u! Bóòtù gbà.
Nígbà tí sàlẹ́ńsà tuntun wọlé, ẹ́ńjìnnì mí
bí ẹni tó tú táì lọ́rùn lẹ́yìn ìsìnkú.
Mẹ́rìnlá.

Rédíétọ̀ tí í tu afẹ́fẹ́ tọ́bò lára: mẹ́fà.
A tún ọpọlọ ọkọ̀ tò, a fi kún èémí tọ́bò: mẹ́rìndínlógún.
Alẹ́ ti lẹ́. A ò tíì jẹun.

Igba ni Göran fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri gáréèjì rẹ̀
kó tó lọ sílé ìwòsàn lóṣù kẹsàn-án.
Mo ro gbogbo rẹ̀ papọ̀ lẹ́nu ara mi:
igba ó dín mọ́kànlá.
Ní Sweden, iye tó wà ni wọ́n ń pè.
Èdè tèmi ò lè pe é
láìkọ́kọ́ dárúkọ èyí tí kò dé.
Mi ò sọ ọ́ fún Torbjörn.

Ó ń wo ìwé náà bí ẹni ń wá orúkọ ènìyàn.
Ylva fi ìka dúdú kan ìlà kejì,
èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi yangàn nílé ọtí.
"Ìyẹn ti ẹṣin," ó ní. "Èyí ni ti páìpù ìdí sípánà."
Agbára ìyí. Láti ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti gbéra,
kí ẹ́ńjìnnì tó pariwo rárá,
ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju ti àárọ̀ lọ.
Torbjörn ka ìwé náà mẹ́rin, ó kì í bọ àpò.

Mo tẹ̀ lé e lọ sílé, igi ìdáná kún tírélà.
Òkè kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
níbi tí Göran ti máa ń já sí jíà kejì, tó máa ń tọrọ àforíjì.
Torbjörn fi jíà kẹta gùn ún.
Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí jíà títí dé òkè,
ó ń dúró kí ọkọ̀ bẹ̀bẹ̀.
Ọkọ̀ ò bẹ̀bẹ̀.
Ọwọ́ náà ò kúrò níbẹ̀.