Àká Àwòrán

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo gbé e dé láti Kútọnu,
lẹ́yìn alùpùpù Ràímì, mo fi aṣọ ìbora wé e bí ọmọ jòjòló.
Kọ̀ǹpútà àlòkù, ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì sẹ́fà.
Orúkọ ọmọléèwé òyìnbó kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
tí ó fi bírò kọ, tí ó tún fi ọ̀bẹ fín.

Mo tú ikùn rẹ̀ sórí ẹní.
Eruku inú rẹ̀ kì í ṣe eruku pupa ti Kétu wa,
ó rí bí eérú, ó ń rùn bí ilé tí wọn kì í ṣí fèrèsé.
Mo ní kí Mọnsúrátù mú túnáfíìsì wá
(lódìkejì ẹnubodè, ní Ìmẹ̀kọ, sukuduráfà ni wọ́n ń pè é;
irin kan náà, èèkù kan náà),
mo ki káàdì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ bọ àyè rẹ̀,
ó dún kẹ́.

Okùn dúdú gba ojú fèrèsé wọlé.
Mo là á sí méjì: ẹ̀ka kan fún tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀ka kan fún àpótí mi.
Mọnsúrátù di orí rẹ̀ mú bí ẹni di ìrù ejò mú,
ó ń bi mí bóyá kò ní gbé òun.

Nítorí Màmá ni gbogbo rẹ̀.
Ilé ìgbẹ̀bí ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n sì ń fún un jù.
Ọmọ tó ń bọ̀ wáyé kì í dúró kí eré tán.
Ọdún kẹfà rèé tó ń gbọ́ ìparí eré lẹ́nu aládùúgbò,
kálukú pẹ̀lú irọ́ tirẹ̀.

Mo kọ́ ẹ̀rọ níṣẹ́: aago mẹ́jọ alẹ́, ìkànnì kejìlá, wákàtí kan.
Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú nínú òkùnkùn.
Iná ìjọba náà ṣe bí ẹni tó mọ̀, kò lọ.

Ilẹ̀ mọ́, Màmá dé, bàtà lọ́wọ́.
Mo tẹ eku. Ó ní, "Eku tí kì í jẹ àgbàdo, n kò fọkàn tán an."
Kàkà kí eré yọ, obìnrin kan ló yọ,
ó ń sọ òjò tí yóò rọ̀ ní Natitingú,
lẹ́yìn rẹ̀ ìpolówó ọṣẹ,
lẹ́yìn rẹ̀ ọkùnrin mẹ́ta ń jiyàn lórí owó òwú.
Àpótí ti dé Kétu, aago rẹ̀ kò tíì dé.
Mẹ́jọ tirẹ̀, méje tiwa ni.
Mo fẹ́ pa á. Màmá ní kí n fi í sílẹ̀.
Ó jókòó ti òjò Natitingú, ó ń rẹ́rìn-ín:
"Òjò àná nìyí. Ó ti rọ̀ tán, ó tún fẹ́ rọ̀."

Ó dákẹ́.
"Ṣé ó lè gba ti èṣí?"

Mo mọ èyí tó ń wí.
Bàbá wa, níbi ìpàdé àwọn olóko ọsàn,
ìṣẹ́jú méjì péré, fìlà rẹ̀ wọ́ sápá òsì,
ó ń tọ́ka sí igi bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ.
Gbogbo Kétu ló wò ó, títí dé ẹ̀yìn Àkábá Ìdẹ̀nà.
Màmá nìkan ni kò rí i,
oníbejì kan ló ń gbẹ̀bí fún lálẹ́ ọjọ́ náà.
Kò pé oṣù mẹ́ta, a sin Bàbá.

Mo ní, "Màmá, ohun tí a kò bá rán an, kì í gbà á."
Ó mi orí. Ó ní àká náà ńkọ́, ṣé kì í kún?
Mo ní ó ń kún, a ó sì máa yan èyí tí a ó dà nù.
"Má da òjò yẹn nù," ó ní, ó wọ yàrá lọ sùn.

Mo yí aago náà sẹ́yìn, wákàtí kan.
Ọwọ́ mi kò kúrò lórí eku.
Mo yí i dé àná, ẹ̀rọ kò bá mi jiyàn.
Mo yí i dé èṣí, dé oṣù ọsàn, dé ọjọ́ náà gan-an.
Ó gbà. Ó ní òun wà níbẹ̀.
Mo dá a padà sí òní,
nítorí eré aago mẹ́jọ.